Orí Kẹta: Eku Tó Yó

Epo pupa ni Rẹ̀mílẹ́kún rí lẹ́nu eku yẹn, ó sì kọ́kọ́ rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Ó ki ọwọ́ bọ inú àgò, ó fi etí ìró nu ẹnu ẹ̀, ó gbé ìró sí imú. Epo ni. Epo tí wọ́n fi ń jẹ iṣu sísun. Eku ọ̀hún wá ń wò ó, ikùn ẹ̀ rí rọ̀gbọ̀dọ̀, irun ẹ̀ ń dán bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ fún, ó wá la ẹnu, ó yán.

Ẹ sọ fún mi o, ṣé eku tí ebi ń pa ló ń yán báyẹn?

Níta, ọkọ̀ okùn tó ń gbé wolé-wolé eku gòkè ti ń dún lórí waya. Ó ti kúrò nílé àwọn Akínṣọlá. Ilé tiwọn ló kàn.

"Màmá!" Ó rọra pè é ni o. "Màmá, ẹ sáré wá ná."

Ìyá ẹ̀ jáde láti ilé ìdáná. Ká sọ pé àlejò ni yín, ẹ máa kí wọn ní ìkíkúkìí ni, torí ìyá ló ń rìn bí ọmọ, ọmọ ló ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ìyá. Màmá Jọláadé ti lé ní ọgọ́fà ọdún. Ọgọ́fà o, mi ò ṣì í sọ. Ara ẹ̀ ń jọ̀lọ̀ bí ti obìnrin tí ò tíì pé ogójì, irun dúdú, eyín pé, ọrùn dúró ṣánṣán. Rẹ̀mí tó bí lẹ́yìn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ló wà, ewú ti gba gbogbo iwájú orí ẹ̀, orúnkún ẹ̀ sì máa ń dún kó tó gbà fún un láti dìde. Irú ẹ̀ ló pọ̀ ní Ìdànrè Òkè báyìí tí ìjọba fi ní kí oníkálukú máa wọ ẹ̀gbà ọwọ́ tí ọjọ́ orí ń tàn lára ẹ̀, torí ìjà ti pọ̀ jù. Èèyàn á rí ọmọge láàárín ọ̀nà, á ní "ìwọ, yà fún mi," ọmọge á sì ti bí bàbá bàbá ẹ̀. Ọwọ́ lèèyàn ń kọ́kọ́ wò báyìí kó tó mọ̀ bóyá kóun kúnlẹ̀. Ẹ̀gbà aláwọ̀ ewé ni ti àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ara gbó. Ti Rẹ̀mí, funfun.

"Kí ló dé tó ò ń pè mí bí olè?" Màmá Jọláadé ń nu ọwọ́ ẹ̀ nídìí.

"Màmá, kí lẹ fún eku yìí jẹ?"

"Èwo nínú eku?"

"Eku mélòó ló wà nílé wa?"

Màmá tẹ̀ síwájú, ó wo inú àgò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó mà ti lẹ́rẹ̀kẹ́ o. Wò ó bó ṣe ń wojú mi."

"Mo bi yín léèrè, Màmá."

"Iṣu díẹ̀ náà ni. Èyí tó jóná létí. Rẹ̀mí, ìwọ kì í sí nílé, o máa ń wà lóko kòkó, ìwọ ò mọ̀. Tí mo bá ti ń jẹun, ṣe ló máa fi ọwọ́ méjèèjì di irin mú, á máa wò mí lẹ́nu. Kí n máa jẹ, kí ẹ̀dá Ọlọ́run máa wò mí lẹ́nu? Àlejò kì í sun ebi nílé tí mo bá wà. Ìyá mi ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀."

"Kì í ṣe àlejò! Ìkejì mi ni, Màmá, ìkejì mi!"

"Ẹ̀n, ìkejì ẹ. Ọmọ mi ló wá yẹ kí n fi ebi pa?"

Rẹ̀mí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kí ló tún fẹ́ sọ? Ìyá ẹ̀ mọ̀. Kò sí ẹni tí ò mọ̀ ní òkè yẹn. Àwọn ọmọ ilé ìwé gan-an fi ń pàtẹ́wọ́, wọ́n á ní aràn pẹ́, eṣinṣin pẹ́, eku pẹ́, ó wá ku èmi, ó ku ìwọ. Aràn kékeré kan tí ojú lásán ò lè rí ni àwọn onímọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ láyé àwọn baba ńlá. Wọ́n yọ nǹkan bín-ín-tín nínú ara ẹ̀, aràn tó yẹ kó ti kú, ó tún ń jó. Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ eṣinṣin tó ń bà lé ọsàn, òun náà pẹ́. Ó kan eku. Ohun kan náà ni wọ́n rí lára gbogbo wọn, pé ara tó bá yó, ilé tuntun lá máa kọ́, á fi èyí tó ń jò sílẹ̀. Ara tí ebi ń pa díẹ̀díẹ̀, á fara balẹ̀, á máa dí ihò òrùlé ẹ̀. Abẹ́rẹ́ yẹn wá dà bí ẹni tó ń parọ́ fún ara, tó ń sọ fún un pé, ebi ń bẹ níta o, tètè tún ilé ẹ ṣe.

Ara kan wà tó máa ń gba irọ́ yẹn, ara kan ò gbà á. Ìdí tí wọ́n fi ń gbin ẹ̀jẹ̀ ẹni sára eku, tí wọ́n ń pè é ní ìkejì ẹni, nìyẹn, kí eku kọ́kọ́ gba abẹ́rẹ́ wò fún ẹni. Ìwọ̀n oúnjẹ tí ìjọba bá gbé wá ló gbọ́dọ̀ jẹ, kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan òmíì. Tó bá wá kọjá ìgbà tí eku ń kú, wọ́n á fún olówó ẹ̀ ní ẹ̀gbà aláwọ̀ ewé. Ti ọkọ Rẹ̀mí kú sínú àgò. Wọ́n ní kí ọkọ ẹ̀ máa lọ sílé. Ó sì lọ sílé lóòótọ́, ilé tí wọn kì í ti í bọ̀. Ti Rẹ̀mí yìí ló wá ń ṣe dáadáa, ó ti ń sún mọ́ etí ibẹ̀. Tèèyàn bá sì ti pé ọgọ́ta láìrí i gbà, wọ́n ti ilẹ̀kùn nìyẹn.

"Màmá," ó ní, "ẹ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó bá bọ́ ìkejì ẹlòmíì."

Màmá Jọláadé gbójú kúrò lára àgò. Ẹ̀rín ti kúrò lójú ẹ̀.

"Ẹ ò ní gbàgbé Ìyá Fọlámì."

"Má dárúkọ ẹ̀ nínú ilé mi."

Ìyá Fọlámì, obìnrin tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta nígbà kan, ṣùkúdì kékeré báyìí ló fún eku ìkejì àna ẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Gbogbo ọdún tí abẹ́rẹ́ ti dá dúró fún un, ṣe ló rọ́ lù ú. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó ṣì ń gun òkè ju àwọn ọmọ ẹ̀ lọ. Kí iṣu tuntun tó jáde, apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ sin.

"Onílé o!"

Ọkọ̀ okùn ti dúró. Wolé-wolé ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Bí ẹ bá rí i, ẹ máa ní ọmọ tó ń lọ kọ́ṣẹ́ ni. Irùngbọ̀n ẹ̀ ò tiẹ̀ kún. Ẹ̀gbà ọwọ́ ẹ̀ wá ń tàn, ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Akíngbadé lórúkọ ẹ̀. Rẹ̀mí kúnlẹ̀ kí i, orúnkún dún kẹ́ẹ́, ọkùnrin náà ní, "Dìde, ọmọ mi, dìde." Òun náà wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Màmá Jọláadé.

"Màmá, ẹ tún kéré sí i!"

"Ẹnu ẹ dùn, ọmọ yìí. Ìyàwó ẹ ńkọ́?"

"Èwo nínú wọn?"

"Olórí burúkú! Èyí tó o fẹ́ gbẹ̀yìn."

"Ó ti kọ̀ mí, mà. Ó ní òun ò mọ̀ pé bó ṣe máa pẹ́ tó nìyí."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àwọn tí ò kánjú. Rẹ̀mí ò rín. Ó ti ká etí ìró ẹ̀ tí epo wà sínú, ó jókòó lé e.

Akíngbadé fa ẹ̀rọ kékeré kan yọ lápò, kò ju àtàǹpàkò lọ. Atọ́wò ni wọ́n ń pè é, torí ó máa ń tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò ni. Ó gbá eku mú lẹ́yìn ọrùn, ó fi ẹnu ẹ̀rọ gún un létí fẹ́ẹ́. Eku ò tiẹ̀ jà. Oorun ló ń kùn ún.

"Ara yìí yó," Atọ́wò ní. Ohùn ẹ̀ dà bí ti nọ́ọ̀sì tó fẹ́ lọ jẹun.

Akíngbadé nu ẹ̀rọ, ó tún fi tọ́ etí kejì.

"Ara yìí yó. Ó ti pẹ́ tó ti ń yó."

Ó dá eku padà sínú àgò. Kò kánjú. Ó tún ẹnu àgò ṣe, ó wá yíjú sí wọn, gbogbo àwàdà ti tán lójú ẹ̀. Ìgbà yẹn lèèyàn á wá rí i pé àgbàlagbà ni.

"Ta ló bọ́ ọ?"

Màmá Jọláadé na ìka sí àgò.

"Bóyá ó jáde fúnra ẹ̀ ni," Màmá Jọláadé ní. "Eku ni, olè ni gbogbo wọn."

"Àgò yìí ò níhò, Màmá."

"Àwọn ọmọ aládùúgbò ńkọ́? Wọ́n máa ń wọlé wá mu omi."

"Ṣé àwọn ló ń wọlé wá látìgbà yìí wá, tí wọ́n ń gbé oúnjẹ bá eku?" Ó jókòó lórí àpótí, ó kọjú sí Rẹ̀mí. "Ọmọ mi, fetí sílẹ̀. O mọ òfin, àmọ́ iṣẹ́ mi ni kí n sọ ọ́. Tó bá jẹ́ ẹlòmíì ló bọ́ ọ, ẹ̀bi ẹ kọ́. Màá gbin òmíì fún ẹ, kódà bó o bá pé ọgọ́ta, ilẹ̀kùn ẹ á ṣì wà ní ṣíṣí. Ẹ̀gbà ẹni yẹn ni màá gbà. Tó bá sì jẹ́ pé ìwọ ni, tàbí tí kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀, a jẹ́ pé ó parí síbí fún ẹ nìyẹn. Dárúkọ kan. Ẹyọ orúkọ kan péré."

Ẹyọ orúkọ kan. Ó wà lórí ahọ́n ẹ̀.

Rẹ̀mí ò wo ìyá ẹ̀. Ó ń dúró dè é ni. Ó ń sọ lọ́kàn pé, ẹ sọ̀rọ̀, Màmá. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ èmi. Ẹni tí ò lè wo ojú eku tí ebi ń pa, ṣé ó máa wá wo tèmi? Ó dúró títí. Ó ń gbọ́ bí iná ṣe ń jó ìṣẹ́pẹ́ igi nílé ìdáná.

Ó wá ro yàrá ẹ̀. Yàrá ọmọdébìnrin tó ti ń sùn sí látìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ ló ṣì ń sùn sí títí dòní, torí ẹni tó ni yàrá ńlá ò tíì kúrò níbẹ̀. Ìyá ẹ̀ ló ṣì ń sọ iye iyọ̀ tí wọ́n máa fi sọ́bẹ̀. Ìyá ẹ̀ ló ṣì ń rán an níṣẹ́. Ó ti lọ́kọ, ó ti sin ọkọ, kò tíì di àgbà nínú ilé kankan rí. Ó kàn fẹ́ pẹ́ díẹ̀ kóun náà tó lọ, kó rí i bó ṣe ń rí kí èèyàn jẹ́ ẹni ńlá. Àwọn igi kòkó tó lọ́ mọ́ra wọn lórí àpáta ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa so ni. Ọmọ èèyàn ni, kì í ṣe òkúta. Ó fẹ́ ẹ.

Ó gbójú sókè, ó wo ìyá ẹ̀.

Màmá Jọláadé ti ki ọwọ́ òsì ẹ̀ tí ẹ̀gbà wà sábẹ́ ìró. Bí ọmọdé tó jí ẹran nínú ìkòkò ṣe máa ń kó ọwọ́ pa mọ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ògiri ló ń wò.

Ẹ ò ní gbà pé torí ìfẹ́ ló fi fẹ́ ṣe ohun tó fẹ́ ṣe yìí, àbí? Ẹ má gbà o. Kì í ṣe ìfẹ́. Nígbà tó rí ọwọ́ yẹn lábẹ́ ìró, nǹkan kan ló korò ní ọ̀fun ẹ̀ bí ewúro tí wọn ò fọ̀. Ó ní nínú ara ẹ̀ pé ó dáa. Mi ò ní pa yín, Màmá. Màá jẹ́ kẹ́ ẹ wà láyé. Ẹ máa wà láyé títí, kẹ́ ẹ máa rántí lójoojúmọ́.

"Èmi ni," ó ní.

Akíngbadé tún mú Atọ́wò lọ́wọ́.

"Èmi ni mo bọ́ ọ, sà. Àánú ẹ̀ ló ṣe mí."

"Tún un sọ kí Atọ́wò gbọ́ ọ."

Ó gbé ẹ̀rọ sí i lẹ́nu. Ó tún un sọ. Atọ́wò ní, "Mo ti gbọ́." Ó parí.

Akíngbadé gbé àgò, ó bo aṣọ lé e. Eku ti sùn fọnfọn nínú ẹ̀. Ó ní kí Màmá má bínú, pé abẹ́rẹ́ wọn ti ọ̀la ṣì dúró bó ṣe wà, kí wọ́n má gbàgbé pé ọmọ ẹni ló ń tẹ̀ka sí ìwé abẹ́rẹ́ fún òbí, láti fi jẹ́rìí pé ọwọ́ òbí mọ́; tí ọmọ ò bá tẹ̀ka, kò sí abẹ́rẹ́. Màmá ní ó ṣeun, Ọlọ́run á bá a tọ́jú tiẹ̀.

Rẹ̀mí sìn ín dé ìdí ọkọ̀ okùn. Afẹ́fẹ́ òkè ń fẹ́. Ọkùnrin náà gbé àgò sínú ọkọ̀, kò tíì wọlé.

"Epo wà ní ìka ẹnì kan nínú ilé yẹn," ó ní. "Kì í ṣe tìẹ."

"Mo ti fọwọ́, sà."

"Ìyá ẹ ò tíì fọ tiẹ̀."

Rẹ̀mí wo ilẹ̀. "Kí ló dé tẹ́ ò sọ̀rọ̀ nígbà náà?"

"Òfin ò béèrè ohun tí ojú mi rí. Ohun tí ẹ bá fẹnu yín sọ ló ń gbà." Ó fọwọ́ nu ojú ọmọdé ẹ̀ yẹn. "Àkọ́bí mi, bó o ṣe ṣe yìí gan-an ló ṣe. Èmi ni mo fún ìkejì ẹ̀ ní mọ́ínmọ́ín. Mo jókòó, mò ń wò ó bó ṣe ń fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́ ohun tí ò ṣe. Mo ti sin ín báyìí."

Rẹ̀mí gbójú sókè. Ó sún mọ́ ọn. Ohun tó fẹ́ gbọ́ gan-an nìyí. "Ó ń dùn yín, àbí? Ojú ń tì yín?"

"Ojú tì mí púpọ̀. Mi ò lè jẹun. Odindi ọdún kan."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

Akíngbadé wò ó bí ẹni tí àánú ẹ̀ ṣe.

"Ara ni abẹ́rẹ́ ń tún ṣe, ọmọ mi. Ìtìjú ò sí lára ohun tó ń mú pẹ́."

Ó wọ ọkọ̀. Waya dún, ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ pẹ̀lú eku nínú ẹ̀, títí tó fi bọ́ sẹ́yìn àpáta.

Rẹ̀mí dúró pẹ́ níbẹ̀. Ó ń retí kí ẹkún wá, kò wá. Nígbà tó padà wọlé, ìyá ẹ̀ ti gbé iṣu míì lé iná. Ó ń yí i, ó ń fi ọ̀bẹ ha ibi tó jóná. Ojú ẹ̀ ti padà sípò. Ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nílé yẹn.

"O dé? Jókòó. O ò tíì jẹun látàárọ̀."

"Màmá."

"Mo mọ̀. Mo mọ ohun tó o fẹ́ sọ." Ó gé iṣu sínú àwo, ó da epo sí i, ó bu iyọ̀ lé e. Àárín rẹ̀, ibi tó máa ń rọ̀, ló gbé fún ọmọ ẹ̀. "O ṣeun. Ṣó o gbọ́? Ọmọ gidi ni ẹ́. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ o, Ọlọ́run mọ̀. Ẹnu mi kàn kọ̀ ni."

"Ọgọ́fà ọdún, Màmá. Kò tíì tó yín?"

Màmá Jọláadé dáwọ́ dúró. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ yẹn, ó wojú ọmọ ẹ̀ dáadáa.

"Irọ́ ni wọ́n ń pa fún yín," ó ní. "Wọ́n ní àgbà tó ti rí ayé kì í bẹ̀rù. Nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí tìẹ, mi ò bẹ̀rù ikú. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Báyìí, tí mo bá gbọ́ orúkọ Ìyá Fọlámì lásán, ìtọ̀ á fẹ́ yọ lára mi. Ṣe ni ìbẹ̀rù ń pọ̀ sí i, Rẹ̀mí. Ohun tí mo ń sọ fún ẹ nìyí. Bó ṣe ń pẹ́ ló ń pọ̀ sí i."

Rẹ̀mí fa àwo mọ́ra. Ó bu iṣu kan sẹ́nu. Ó gbóná. Ó dùn. Ebi ti ń pa á látàárọ̀, kò sì mọ̀.

"Mo máa tọ́jú ẹ," ìyá ẹ̀ ń sọ ọ́ lọ, ó ti ń gé òmíì. "Tó bá tó àkókò, gbogbo nǹkan tó bá yẹ ni màá ṣe. Màá sin ẹ́ bó ṣe tọ́, wọn ò ní fi ẹ́ ṣẹ̀sín ní òkè yìí. Èmi fúnra mi ni màá yan aṣọ."

"Ẹ ṣé, mà."

"Jẹ ẹ́ tán."

Ó ń jẹ. Ìyá ẹ̀ jókòó tì í, ó ń wò ó lẹ́nu, ó ń fọwọ́ pa ẹ̀gbà ọwọ́ ẹ̀. Nígbà tó tún máa sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ó ti dà bí ohùn ọmọ tó fẹ́ tọrọ nǹkan.

"Rẹ̀mí."

"Mà."

"Ti ọ̀la yẹn. Ìwọ lo máa wá tẹ̀ka fún mi, àbí?"

Rẹ̀mí gbé èyí tó wà lẹ́nu ẹ̀ mì. Ó nu epo kúrò létè.

"Aago mélòó ni?"

"Ní kùtù ni," ìyá ẹ̀ ní. "Oòrùn ọ̀sán máa ń ba awọ ara jẹ́."